Bí a ṣe ń pààrọ̀ apá abẹ́bẹ̀ ìrù hẹlikópítà onírìmóòtù

Bí abẹ́bẹ̀ ńlá orí hẹlikópítà bá ń yí sí ọ̀tún, ara rẹ̀ a fẹ́ yí sí òsì. Abẹ́bẹ̀ kékeré tó wà ní ìrù ló ń dá a dúró. Nítorí náà, bí ìrù bá ń yẹ̀ nígbà tí a bá ṣàdédé fi kún agbára, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sáré ra apá tó gùn sí i. Hẹlikópítà 450 (orúkọ ìwọ̀n kan lára hẹlikópítà onírìmóòtù), tí apá ìrù rẹ̀ sábà máa ń gùn tó nǹkan bí 60 mìlímítà, ni mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ.

Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà ẹ́ńjìnnì, kí abẹ́bẹ̀ má baà yí lójijì gé yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ̀pá tó so servo (mọ́tò kékeré tó ń yí ojú apá ìrù) mọ́ ìrù, kí ẹ sì fi ìka méjì ti ohun tó ń dojú apá kọ ọ̀tún tàbí òsì lọ, ẹ tún tì í bọ̀. Bí ó bá ń há, bó ti wù kó kéré mọ, ibẹ̀ ni àìsàn náà wà, apá tuntun kò sì lè wò ó sàn.

Bí kò bá há, ẹ gbé apá tuntun méjèèjì tó jẹ́ 65 mìlímítà sórí òṣùwọ̀n kékeré, kí ẹ lẹ téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ èyí tó bá fúyẹ́ jù. Ẹ má fún nọ́ọ̀tì wọn pa, kí wọ́n lè na ara wọn gbọọrọ fúnra wọn nígbà tí wọ́n bá ń yí. Ẹ sì wò ó dáadáa pé wọn kò lè kan abẹ́bẹ̀ ńlá tàbí ilẹ̀.

Gyro, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ̀ bí ìrù bá yẹ̀ tó sì ń mú kí servo dá a padà, ló wá kàn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sì ti ń ṣìṣe. Apá tó gùn díẹ̀ máa ń ti afẹ́fẹ́ gan-an ju tàtẹ̀yìnwá lọ, nítorí náà àtúnṣe tó ṣe wẹ́kú fún gyro tẹ́lẹ̀ yóò ti le jù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, n kò dín in kù. Ńṣe ni ìrù náà ń jù fìrìfìrì bí ìrù ajá tó rí olówó rẹ̀. Bí nọ́ńbà agbára àtúnṣe gyro bá wà ní 40 tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e wá sí 30, ẹ jẹ́ kí hẹlikópítà dúró lójú kan lófuurufú, kí ẹ máa fi méjì-méjì kún un títí ìrù yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí jù, kí ẹ wá dín in kù díẹ̀.

Tí ẹ bá gbé e balẹ̀, ẹ fọwọ́ kan servo. Bí ó bá gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á, ẹ dá apá 60 padà, kí ẹ mú kí abẹ́bẹ̀ ńlá yára sí i, nítorí ara rẹ̀ ni ìrù ti ń gba eré tirẹ̀.