Bí mo ṣe mú kí kọ̀ǹpútà gba inú VPN nígbà tí fóònù ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún un

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ wa ń ra forfait (dátà) sí, tí kọ̀ǹpútà á wá máa gba íntánẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀ nípasẹ̀ "Partage de connexion". Àwọn ènìyàn sì gbà pé bí VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó ń gbé dátà wa gba sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà kan níbòmíràn, kọjá) bá ti wà ní títàn lórí fóònù, ó ti bo kọ̀ǹpútà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Mo fi VPN fóònù Android mi sí Jámánì, mo tan partage, mo sì ṣí ipleak.net, ìkànnì tó ń fi àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀) àti orílẹ̀-èdè rẹ̀ hàn, lórí ẹ̀rọ méjèèjì. Fóònù ní Jámánì lòun wà. Kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé àdírẹ́sì IP Bénin jáde. Ìdí ni pé dátà àwọn áàpù orí fóònù fúnra rẹ̀ nìkan ni VPN náà ń mú. Èyí tó ń bọ̀ láti ara ẹ̀rọ mìíràn ń gba ọ̀nà tirẹ̀ kọjá. Bákan náà ni ti iPhone.

Mo wá gbé Every Proxy sórí fóònù, kí fóònù lè di proxy, ìyẹn alárinà tó ń bá kọ̀ǹpútà gbé dátà jáde. Áàpù lòun náà, nítorí náà ohun tó bá rán jáde á gba inú VPN. VPN ni mo kọ́kọ́ tàn, lẹ́yìn náà partage, kí n tó tan HTTP (irú proxy tó wà fún ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù) nínú Every Proxy, pọ́ọ̀tù (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà) 8080. Lórí Windows, mo wọ Paramètres, Réseau et Internet, Proxy, mo tan ìtò àfọwọ́ṣe, mo kọ àdírẹ́sì fóònù àti 8080 síbẹ̀. Ẹ má gbára lé 192.168.43.1 tí wọ́n máa ń dárúkọ, torí Android tuntun máa ń yí i padà. Ẹ tẹ ipconfig nínú Invite de commandes, kí ẹ mú nọ́ńbà iwájú "Passerelle par défaut". Nígbà tí mo tún ipleak ṣí, Jámánì ló jáde.

Síbẹ̀, ó ṣì ń jò. Chrome ń tẹ̀lé proxy, ṣùgbọ́n àwọn áàpù kan kì í wò ó rárá, ìpè fídíò tó ń lo UDP (ọ̀nà mìíràn tí a fi ń rán dátà) kò sì lè gba inú proxy HTTP. Lójú tèmi, ẹ̀rọ tó bá ṣeé gbé VPN sí, kí á gbé e sí i gan-an. Ẹ ṣọ́ra fún VPN ọ̀fẹ́ tí a kò mọ olówó rẹ̀: ẹni tó ni VPN ló ń rí ibi tí à ń lọ.

WireGuard, tó jẹ́ irú VPN kan, ni mo fi sórí kọ̀ǹpútà níkẹyìn. Fáìlì ọ̀tọ̀, kọ́kọ́rọ́ ọ̀tọ̀ ni ti ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Bí fóònù àti kọ̀ǹpútà bá jọ ń lo ẹyọ kan, ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ni sáfà á máa dá lóhùn, èkejì á sì máa já. Kí ẹ tó tan WireGuard, ẹ pa proxy Windows; bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ìwé kankan lè má ṣí, nítorí WireGuard lè ti dí gbogbo ọ̀nà tí kò bá gba inú rẹ̀.