Bí a ṣe tẹ bíìmù kan ní ìgbà 400 ní Ilé-Ifẹ̀

Mo ti kà nípa bíìmù afárá títí: irin nísàlẹ̀, kọnkéré lókè, èèkàn láàárín tó ń di àwọn méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì fojú ara mi rí bí wọ́n ṣe ń kọ ara wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan ní Lágere, pẹ̀lú bíìmù irin méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan mítà 2.

Ẹ to pákó méjì léra lórí búlọ́ọ̀kù méjì, kí ẹ gun àárín rẹ̀. Ẹ ó rí i pé etí wọn á yọ̀ lórí ara wọn. Ẹ kàn wọ́n níṣòó, wọ́n di ẹyọ kan. Èèkàn ni ìṣó tiwa. Ní afárá ńlá, èèkàn tó lórí bíi ti ìṣó ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ jó mọ́ irin. Èmi ò rí irú ẹ̀rọ yẹn yá, ni a bá gé róòdù mílì (mìlímítà) 12 ní kúkúrú-kúkúrú, wẹ́dà sì jó wọn mọ́ irin. Bíìmù àkọ́kọ́ gba 16, èkejì gba 8. A da kọnkéré lé wọn lórí, a fi àpò ìdọ̀họ tútù bò wọ́n, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ 28.

Àbúrò mi ló ń fa jáàkì, èmi ń ka gééjì. Láti tọ́ọ̀nù 1 lọ sí 3, a ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 1. Lẹ́yìn ìgbà bíi mélòó kan, mo gbọ́ "kẹ́!" Àbúrò mi fi jáàkì sílẹ̀, ó sá. Kò sí nǹkan tó wó: sìmẹ́ǹtì tó lẹ̀ mọ́ irin ló ṣí. Láti ìgbà náà lọ, ọrùn èèkàn ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Bíìmù eléèkàn 16 ò yọ wá lẹ́nu. Tèkejì ni kí n sọ. Mo so gééjì tó ń wọn yíyọ̀ mọ́ etí rẹ̀, torí etí ni yíyọ̀ ti ń pọ̀ jù, kì í ṣe àárín. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, yíyọ̀ náà kò tó mílì kan. Nígbà tí a dé ìgbà 200, ó ti lé ní mílì 1, bí a bá sì tú jáàkì, kì í padà tán mọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹrù ò pọ̀ sí i o, tọ́ọ̀nù 3 yẹn náà ni. Ṣé ẹ mọ wáyà tí wọ́n fi ń di róòdù nílé kíkọ́? Kò sẹ́ni tó ń fi agbára já a. Ṣe ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ síwá sẹ́yìn.

Afárá gidi ní tirẹ̀, mílíọ̀nù ìgbà ni wọ́n ń kà. Nínú Eurocode 4, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún irin àti kọnkéré tí a so pọ̀, orí mílíọ̀nù 2 ni wọ́n gbé agbára èèkàn kà. Ohun tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé bí ìyàtọ̀ láàárín ìtẹ̀ tó pọ̀ jù àti èyí tó kéré jù lára èèkàn bá di ìlọ́po méjì, iye ìgbà tó lè fara dà á á pín sí ọ̀nà 256. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí a ti sún mọ́ 400, gééjì fò lẹ́ẹ̀kan náà. A fi òòlù àti ṣísẹ́lì fọ́ kọnkéré etí yẹn. Èèkàn kan ti já ní ìdí gan-an, níbi tí a ti jó o. Mo fi omi fọ̀ ọ́: ìdajì ojú rẹ̀ ń dán bí irin tuntun, ìdajì kejì dúdú, ó rí kọ́sọkọ̀sọ bí èédú. Níbi tó dúdú yẹn, iná ò fìgbà kankan wọ irin.

Mo gbé e lọ fún wẹ́dà. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá ìjà wá o."

"Injíníà, ọjọ́ yẹn niná lọ, tí mo fi jẹnẹ́rétọ̀ parí ẹ̀. Mo mọ̀ pé kò jó dáadáa." Ó ju èèkàn náà sínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. "Gbé bíìmù míì wá. Mi ò ní gbowó."