Àṣìṣe Àwọn Tó Fi Ọ́fíìsì Sílẹ̀ Wá Sóko

Ìbínú ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ọkùnrin kan tún ti kó owó tó fi ọdún mẹ́wàá tọ́jú sórí ilẹ̀, pọ́ǹpù àti páìpù, kó tó pè mí pé kí n wá wo oko. Mo ní omi ńkọ́? Ó ní kànga wà níbẹ̀.

1. Ẹ má gbin ohun tí ẹ kò mọ ẹni tó máa rà á. Tòmátì tó pọ́n kì í dúró de oníbàárà.

2. Ẹ má da ìgbẹ́ adìẹ tútù sídìí irúgbìn, ó ń jó gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kó jẹrà dáadáa ná.

3. Omi. Kànga lè wà kí omi má sì tó. Ohun ọ̀gbìn tó ti gbilẹ̀ lè mu nǹkan bíi lítà 5 lójúmọ́ lórí mítà onígun mẹ́rin kan nígbà tí oòrùn bá mú. Éékà kan tó nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 4,047. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní lítà 20,000 lójúmọ́! Táǹkì onílítà 1,000 tí ẹ gbé sórí òpó yẹn, ìgbà ogún lẹ máa pọn ọ́n kún lóòjọ́. Páìpù tó ń kán omi sídìí irúgbìn kì í jẹ́ kí omi ṣòfò, òótọ́ ni, àmọ́ kò lè kán omi tí kò sí.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ààbọ̀ éékà tòmátì ni mo gbìn lọ́dún àkọ́kọ́. Ìgbà òjò ni mo yẹ kànga náà wò, omi kún un dẹ́nu. Ìgbà tí tòmátì tanná tán ni pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹrẹ̀. Òdòdó rẹ̀ dànù. Ìdí àwọn èso tó kù dúdú, ó ń jẹrà. Mo sáré ra oògùn kòkòrò, mo fín in lẹ́ẹ̀mẹta. Kòkòrò kankan kò sí níbẹ̀. Omi tí kò dúró sójú kan ni kò jẹ́ kí kálísíọ̀mù, èròjà inú ilẹ̀ tí èso nílò, dé ara èso. Owó oògùn yẹn ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ wo kànga. Ẹ fa omi fún wákàtí mélòó kan láìdúró, kí ẹ tó wá gbé garawa onílítà 20 sábẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ wo aago. Bó bá gba ìṣẹ́jú 2 kó tó kún, lítà 600 ni wákàtí kan. Ààbọ̀ éékà á gbà tó wákàtí 17. Ta ló fẹ́ dúró tì í? Ohun tí omi bá ká ni kí ẹ gbìn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sin adìẹ ẹlẹ́yin, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 ni wọ́n máa jẹun kí ẹ tó rí ẹyin àkọ́kọ́. Ẹ ní owó oúnjẹ náà lọ́wọ́ kí ẹ tó ra òròmọdìẹ.

Àti ajílẹ̀: ẹ yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó ra ajílẹ̀. Nínú àpò oníkílò 50 tí wọ́n kọ 15-15-15 sí lára, kílò 7.5 péré ni náítírójìn, èròjà tó ń mú ewé dàgbà: nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn ló sọ pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Èmi àti ọkùnrin yẹn ti wọn kànga rẹ̀. Ìṣẹ́jú 4 ni garawa gbà. Páìpù éékà méjì ló ti rà sílẹ̀. Mo ní kó fi ìdá kan nínú mẹ́jọ éékà bẹ̀rẹ̀.