Wáyà mítà mi ló jẹ́ kí n da kàpásítọ̀ tó dára nù

Kàpásítọ̀ (ohun kékeré tó ń gba iná mọ́ra fúngbà díẹ̀) mẹ́rin tí kò ní àbùkù kankan ni mo yọ lára bọ́ọ̀dù rédíò kan tí mo sì dà nù, mo tún fi owó ra mẹ́wàá mìíràn, mo sì bá ẹni tó tà wọ́n fún mi fa ọ̀rọ̀, nítorí pé mo gba ohun tí mítà tí mo fi wọ̀n wọ́n sọ gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni iṣẹ́ náà fi dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ kọ́ìlì kan mọ́ bọ́ọ̀dù, tó ti sán, ni gbogbo ohun tó ń ṣe rédíò náà.

22 pF ni àwọn kàpásítọ̀ náà (pF àti nF la fi ń sọ bí iná tí kàpásítọ̀ lè gbà mọ́ra ṣe pọ̀ tó; 1,000 pF ló di 1 nF). Ìwọ̀n tó kéré jù tí mítà mi lè fi hàn ni 0.01 nF, èyí tí í ṣe 10 pF. Nígbà tí mo fi wáyà rẹ̀, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kan ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ kan, 0.08 nF ló kọ dípò 0.02. Àwọn tuntun tí mo rà náà kọ 0.08, ni mo bá gbà pé ayédèrú ni wọ́n.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé wáyà méjèèjì sílẹ̀ lórí tábìlì láìfi kan nǹkan kan, mo sì rí i pé 0.06 wà lójú mítà. Mo kó wọn pọ̀, ó di 0.08, mo yà wọ́n síra, ó di 0.04. Irin méjì tí ohun tí iná kì í gbà kọjá wà láàárín wọn ni kàpásítọ̀, wáyà méjì tó sùn ti ara wọn kò sì yàtọ̀ sí i. Ìwọ̀n wáyà ń kún ìwọ̀n ohun tí a ń wọ̀n: 60 pF ti wáyà àti 22 pF ti kàpásítọ̀ ló di 0.08 nF tó ṣì mí lọ́nà. Lára kàpásítọ̀ tí wọ́n kọ 104 sí lára, tí í ṣe 100 nF, irú àfikún bẹ́ẹ̀ kò hàn rárá, ìdí nìyẹn tí n kò fi fura láti ọdún tí mo ti ń lò ó.

Ibi tó bí mi nínú jù ni ti bọ́tìnnì REL, èyí tó ń sọ ohun tó wà lójú mítà di òdo. Ìwé tó bá mítà wá ní kí a tẹ̀ ẹ́ kí a tó wọn nǹkan kékeré, gbólóhùn kan péré. Mo tẹ̀ ẹ́, ó di òdo. Mo gbé wáyà sókè, ó di -0.02 kí n tó kan kàpásítọ̀. Ìwọ̀n wáyà bó ṣe sùn nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì ni ó yọ kúrò. Bí wáyà bá ti kúrò ní ipò yẹn, òdo náà kò tọ̀nà mọ́, ọwọ́ tí mo fi di wáyà mú sì tún ń fi tirẹ̀ kún un. Ìwé náà kò sọ èyí, ó sì yẹ kó sọ ọ́.

Mo wá rò pé wáyà tó nípọn, tó sì ní ìbora irin, ni yóò gbà mí. Mo ra wáyà áńténà tẹlifíṣọ̀n ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, mo jó o mọ́ ẹnu mítà, ó sì kọ 0.10 láìkan ohunkóhun! Irú wáyà bẹ́ẹ̀ máa ń ní bíi 15 sí 20 pF ní ẹsẹ̀ bàtà kan, torí pé irin inú rẹ̀ àti ìbora náà súnmọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Owó náà dùn mí.

Wáyà mítà àtijọ́ kan ni mo gé nígbẹ̀yìn. Mo fi ìwọ̀n ìka kan péré sílẹ̀ lẹ́yìn orí rẹ̀ tó ń wọ inú mítà, mo jó kílíìpù kéékèèké mọ́ ọn, mo sì fi gúlúù lẹ méjèèjì mọ́ pákó pẹlẹbẹ kí wọ́n má lè mira. 0.01 ló kọ, kò sì yí padà. Mo tẹ REL, mo fi kílíìpù mú 22 pF, ó kọ 0.02. Nítorí pé mítà náà kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo so mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí mo rà mọ́ ara wọn, ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀, wọ́n sì kọ 0.22 láìyẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó.

Ká ní mo mọ̀, ojú mítà tí kò kan ohunkóhun ni ǹ bá kọ́kọ́ wò, n kò sì ní fi wáyà gígùn wọn ohun tí kò tó 1 nF. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo lọ bẹ ẹni tó ta kàpásítọ̀ fún mi, mo sì fi mẹ́rin nínú àwọn tuntun náà sára bọ́ọ̀dù náà.