Kọ́nà Kan Ló Yí Ètò Mi Padà

Nígbà tí iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ kan láàárín ìlú bọ́ sí mi lọ́wọ́, gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ń sọ pé ọ̀nà náà há. Èmi náà ti fẹ́ kọ ọ́ sínú ètò pé kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo dúpẹ́ pé mi ò kánjú.

Mo mú téèpù àti ṣọ́ọ̀kì, mo rin ọ̀nà náà já láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú. Ìrìn alẹ́ ló là mí lójú jù. Lọ́sàn-án, mi ò rí àléébù kankan lábẹ́ afárá tí ọ̀nà náà gbà kọjá. Lálẹ́, mo rí àwọn obìnrin mẹ́ta tí wọ́n dé ẹnu ibẹ̀, tí wọ́n wo inú òkùnkùn, tí wọ́n sì ṣẹ́rí padà lọ gba etí títì tí ọkọ̀ ti ń sáré. Iná ibẹ̀ ti kú. Bí a bá ń ka èrò lọ́sàn-án nìkan, àwọn tí ẹ̀rù lé kúrò kò ní sí nínú iye wa.

Mo wọn fífẹ̀ rẹ̀: mítà 3 ni ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni méjì lè máa rìn pọ̀ níbẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ kan sì ríbi kọjá. Kí ló wá ń fa ìjà láàárín ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́? Lẹ́yìn òjò, mo lọ dúró ní kọ́nà tí aáwọ̀ ti pọ̀ jù. Gbòǹgbò igi ti gbé ọ̀dà sókè, omi ò ríbi ṣàn lọ, ó sì di ọ̀gọ̀dọ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí etí rẹ̀ ká. Nígbà tí omi gbẹ, mo wọn ín: ó gba mítà 1.8. Mítà 1.2 péré ló kù fún gbogbo ayé, igbó tó bo kọ́nà náà ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹni tó ń bọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ ń lọ bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan, oníkẹ̀kẹ́ lè sá tó 20. Ẹ̀yìn ló ti sábà ń bá ẹlẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó lójú nípàkọ́.

Ẹnì kan ní ká gé gbòǹgbò náà. Mi ò gbà. Igi tí a gé gbòǹgbò ńlá rẹ̀ lè kú, ìjì sì lè bì í lu èèyàn. Nínú ètò wa, a yí ọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, a sì jẹ́ kó fi sẹ̀ǹtímítà 2 dà síhà gọ́tà lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Níbi tó gun òkè, a ò jẹ́ kó ga ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ lórí mítà kan, nítorí ẹni tó ń fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Àwọn òpó tó ń dí mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà sún mọ́ra jù. A fi àlàfo mítà 1.5 sáàárín wọn.

Mo wá gbé àwòrán ètò náà lọ sójú ọ̀nà gan-an, mo ń fi han àwọn tó ń kọjá. Nínú àwòrán náà, mo ti fi ìlà funfun pín ọ̀nà sí méjì, ìhà kan fún ẹlẹ́sẹ̀, ìkejì fún kẹ̀kẹ́. Bàbá kan tó ń fi ọ̀pá tọ́nà ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún òun. Mo ní, “Bàbá, ìlà funfun ni, ó gùn láti ìhín dé ọ̀hún.” Ó rọra fi ọ̀pá kan ilẹ̀. “Ọmọ mi, ọ̀pá mi ò mọ funfun yàtọ̀ sí dúdú o. Ohun tó bá yọ sókè ló mọ̀.”

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, mo pa ìlà náà rẹ́, mo sì fi èyí tó yọ sókè rọ́pò rẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọra dà sọ́tùn-ún sósì kó má baà gbé táyà ṣubú.