Orin Romantic (orin Yúróòpù ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún) tí ẹ máa tẹ̀ níbi ìdánwò ìgbaniwọlé

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ tẹ píánò kí kọ́lẹ́ẹ̀jì orin lè gbà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí pé Ballade àkọ́kọ́, orin píánò gígùn kan tí Chopin ọmọ Poland kọ, gbayì kẹ́ ẹ mú un. Ìparí rẹ̀ le gan-an, ibẹ̀ ló ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Intermezzo, ìyẹn orin píánò kúkúrú, ti Brahms ọmọ Jámánì, Op. 118 (nọ́ńbà àkójọ orin rẹ̀) nọ́ńbà 2, tó kọ ní 1893, kì í sáré rárá, síbẹ̀ ó máa fi hàn bóyá ẹ lè jẹ́ kí ohùn òkè kọrin, kí ọwọ́ òsì sì rọra máa gbè é. Èmi fara mọ́ ọn gan-an. Ẹ kọ́kọ́ ka ìlànà ilé ìwé náà o. Ẹ sì máa fi àárín orin dánra wò, torí wọ́n lè dá yín dúró lójijì, kí wọ́n ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibòmíì.