Bí A Ṣe Ń Dá Ilé-Iṣẹ́ Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Eré Ìdárayá Sílẹ̀ Nínú Ọgbà Yunifásítì

Yunifásítì ní ohun tí owó ilé-iṣẹ́ tuntun kò lè ká: pápá, eléré tó ń kóra jọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, kóòṣì tó mọ̀ wọ́n lórúkọ, àti yàrá ìdánwò. Owó gan-an ni kì í sábà ní. Ẹni tó bá torí owó wọgbà á pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ẹni tó bá torí pápá wọlé á ríṣẹ́ ṣe láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ilé-iṣẹ́ Hudl ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006 nìyẹn: akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Nebraska, ní Amẹ́ríkà, ló ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí kóòṣì fi ń yẹ fídíò eré wò, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) ti yunifásítì wọn ló sì kọ́kọ́ lò ó.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ kan ṣe àpẹẹrẹ: síngílẹ́ẹ̀tì tí agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀ sábẹ́ jẹ́sì, tí GPS (ẹ̀rọ tó ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí ènìyàn wà) wà lẹ́yìn rẹ̀ láàárín èjìká méjèèjì, tó ń sọ iye mítà tó sá àti bó ṣe yára tó.

Ẹ lọ bá kóòṣì kí ẹ tó ra wáyà

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó sétí pápá. Ẹ má bi kóòṣì pé ṣé wọ́n máa lo ẹ̀rọ yín, torí wọ́n á ní àwọn á lò ó, kí ojú má baà tì yín. Ẹ bi wọ́n pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe mọ̀ lánàá pé ó ti rẹ nọ́ńbà méje?” Bó bá jẹ́ ojú lásán ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ẹ béèrè ìgbà tí ojú tàn wọ́n jẹ. Ibẹ̀ lọjà yín wà. Kóòṣì mẹ́wàá ló kéré jù, kó má sì jẹ́ ti bọ́ọ̀lù nìkan. Bí mẹ́fà nínú wọn kò bá fẹnu ara wọn dárúkọ ìṣòro kan náà, ẹ wá òmíràn.

Ẹni mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀: ẹni tó lè jó wáyà kó sì kọ kóòdù, ẹni tó lè tajà, àti ẹnì kan láti ẹ̀ka Human Kinetics, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ara àti eré ìdárayá. Ẹnìkẹta yìí làwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń gbàgbé. Òun ló mọ̀ pé mítà tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìfarapa bọ̀ sá lónìí kò gbọdọ̀ di ìlọ́po méjì lọ́la.

Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀

Ibi tí iṣẹ́ máa ń bàjẹ́ jù nìyí. GPS tó pọ̀ lọ́jà torí pé kò wọ́n ni NEO-6M. Bí ẹ bá lò ó bó ṣe wá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń kà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Agbábọ́ọ̀lù tó bá ń sáré mítà 7 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ti rin mítà 7 kí ẹ̀rọ tó tún rí i. Bó bá ti yí padà láàárín, ẹ̀rọ á fa ìlà tààrà, iye mítà á sì dín. NEO-M8N lè kà á nígbà 10, ìyẹn ló yẹ iṣẹ́ yìí. Ẹ fi ESP32 kan (kọ̀ǹpútà kékeré tó máa darí ẹ̀rọ), káàdì microSD kan àti bátìrì lítíọ́ọ̀mù 500 mAh kún un. Kí ẹ pa Wi-Fi títí eré á fi parí, kí gbogbo ohun tó bá kà máa wọ inú káàdì. Wákàtí mẹ́ta ni kí ẹ ṣírò bátìrì fún, kì í ṣe ìṣẹ́jú 90, torí ìmúra, ìsinmi àti àfikún àkókò wà níbẹ̀.

Etí GPS (eríàlì rẹ̀) gbọ́dọ̀ kọjú sójú ọ̀run. Ẹ tan án níta gbangba ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí eré tó bẹ̀rẹ̀; bí wọ́n bá tan án nínú yàrá ìmúra, ibi tó máa kọ́kọ́ kà á máa fò káàkiri.

Òógùn ni ọ̀tá kejì. Iyọ̀ inú rẹ̀ á wọ ihò tí ẹ fi ń gba iná, bàbà ibẹ̀ á dípẹtà aláwọ̀ ewé, ẹ̀rọ á dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ihò náà kọjú sísàlẹ̀, kí ẹ sì fi kùtẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ kun pátákó wáyà lẹ́ẹ̀mejì, láìkan ihò yẹn àti ojú GPS. Ó tó fún ẹ̀rọ ìdánwò.

Ẹ fi téèpù wọn pápá fúnra yín, torí pápá ilé-ìwé kì í sábà pé 105 mítà ní gígùn àti 68 ní fífẹ̀. Tó bá pé, ẹni tó rìn yí ìlà rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan ti rin 346 mítà. Ẹ so ẹ̀rọ méjì mọ́ ènìyàn kan náà. Bí èyíkéyìí bá fi ju mítà 17 lọ ṣì í, ẹ má tíì gbé e fún kóòṣì.

Mẹ́ta ni kí ẹ ṣe, kì í ṣe 22: ọ̀kan fún agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, ọ̀kan fún ti àárín, ọ̀kan fún ti iwájú. Ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwòrán kan ṣoṣo lórí WhatsApp, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ta, ni kó dé fóònù kóòṣì kí wọ́n tó délé.

Ìwé tó gbọ́dọ̀ wà

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí lára ènìyàn, kí eléré kọ̀ọ̀kan sì fọwọ́ síwèé pé òun gbà. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera sí dátà tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá kọ̀ kò gbọdọ̀ pàdánù ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Kí kóòṣì fọwọ́ sí èyí náà.

Ẹ bi IPTTO, ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ènìyàn hùmọ̀, èyí tí NOTAP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀-ẹ̀rọ, dá sílẹ̀ ní àwọn yunifásítì, pé ta ló ni ohun tí ẹ bá ṣe nínú yàrá ìdánwò wọn. Òfin wa sọ pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá hùmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ti agbanisíṣẹ́, nítorí náà bí olùkọ́ bá bá yín lọ́wọ́ sí i, kí àdéhùn ti wà ní kíkọ. Bí ẹ bá fẹ́ gba pátẹ́ǹtì (ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ẹ hùmọ̀), ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́ ní sẹ́mínà.

Lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ẹnì kan péré lè dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀, àpapọ̀ ìpín (share capital) tó kéré jù sì jẹ́ ₦100,000. Ẹ pín ìpín láàárín ara yín kó máa wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, torí NYSC á gbé ẹnì kan lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ó sì lè má padà.

Ẹ má fi ọgbà nìkan ṣe ọjà. Lọ́dún 2022, ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ gùn láti 14 Oṣù Kejì dé 14 Oṣù Kẹwàá. Kí ọdún àkọ́kọ́ tó parí, ẹ ti ní ilé-ìwé girama tàbí akádẹ́mì bọ́ọ̀lù méjì tó ń sanwó. Bí ẹ bá fẹ́ lọ fi ẹ̀rọ han àwọn kóòṣì yunifásítì yòókù ní NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń darí ìdíje ṣáájú. Láìsí ìyẹn, rẹfirí lè ní kí agbábọ́ọ̀lù lọ bọ́ ọ kó tó wọ pápá.